Ẹfúndọlá àti Àwọn Amọ̀kòkò Ìsàlẹ̀-Odò

Nígbà tí Ẹfúndọlá ọmọ Ògúndìran fi máa tó ẹni ogójì ọdún, kò sí olówó tó tó o mọ́ ní gbogbo ìlú Ìdógbà. Aṣọ òfì àti epo pupa ló ń tà, àwọn alárù rẹ̀ sì ń dé àwọn ọjà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Àwọn ẹlẹ́nu tilẹ̀ máa ń sọ pé bí ọba bá fẹ́ ra ẹṣin, ó ní láti kọ́kọ́ wo ojú Ẹfúndọlá. Síbẹ̀, obìnrin náà kì í ṣe ahun. Bí ilé ẹnìkan bá jó, òun ni yóò kọ́kọ́ fi igi àti koríko ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ọmọ ẹnìkan ṣe ìwọ̀fà, òun ni yóò lọ tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: "Ohun tí owó bá lè tún ṣe, ẹ má fi ẹkún tún un ṣe."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò, kì í fi pamọ́. "Iyọ̀ ni," ni yóò wí. "Àpò iyọ̀ mẹ́ta tí bàbá mi fún mi lọ́dún tí ogun dó ti ìlú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Ọbẹ̀ gbogbo ìlú ti tẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan ni mo fi ń gba odindi aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ní in." Bó bá sọ ọ́ tán, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì yin bàbá rẹ̀. Ògúndìran ṣì wà láyé. Oníbodè ni láyé ogun, ó ti wá di arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nínú ilé ọmọ rẹ̀ yìí ló sì ń gbé, tó ń jẹ tó ń mu, tí gbogbo ìlú ń yà kí i.

Ó yẹ kí á mọ bí ogun náà ṣe rí. Ọ̀nà méjì ni Ìdógbà pín sí láyé ìgbà náà. Ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò ń gbé ní Òkè-Ọjà. Àwọn amọ̀kòkò àti àwọn apẹja ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí amọ̀ dúdú wà. Odi kan ṣoṣo ló yí gbogbo wọn ká, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà tí ogun dó tì wọ́n, oṣù mẹ́jọ gbáko ni gbogbo bodè ìlú fi wà ní títì. Àwọn èèyàn jẹ ewé, wọ́n sì jẹ èèpo igi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bodè tó wà lápá odò ṣí. Àwọn jagunjagun ya wọlé, wọ́n dáná sun Ìsàlẹ̀-Odò, wọ́n kó tọmọdé tàgbà ibẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì tú àgọ́ wọn ká, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹsẹ̀ wọn kò kan Òkè-Ọjà rárá.

Àwọn ará Òkè-Ọjà ní orí ló yọ àwọn. Nígbà tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé ta ló ṣí bodè, wọ́n ní obìnrin amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Ayọ̀ká ni. Wọ́n ní ó fẹ́ lọ wa amọ̀ ní ìdájí, ló bá fi bodè sílẹ̀ gbayawu. Ayọ̀ká kò sí nílé láti wí tẹnu rẹ̀. Ó ti wà lójú ọ̀nà oko ẹrú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ìtàn nìyẹn, tí àwọn ọmọdé sì fi ń kọrin nígbà eré pé, "Ayọ̀ká wa amọ̀, ó wa ogun wálé."

Ọdún méjìlélógún kọjá. Ìlú tó kó wọn lẹ́rú ti tú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tó kù láàyè sì ti gba òmìnira. Ṣùgbọ́n wọn kò padà sílé. Wọ́n kọjá ẹ̀yìn odi Ìdógbà bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àràbà, ìrìn ọjọ́ méjì sí ìlú. Wọ́n rí amọ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ ebu tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, wọ́n sì jókòó. Ní Ìdógbà, igbó ti bo apá kan Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn ará Òkè-Ọjà sì ti sọ apá kejì di oko.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn jìnnà síra ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn ìkórè, àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì pàdé ní ọjà Àgbède. Ẹnìkan láti Òkè-Ọjà dá orin Ayọ̀ká. Kí ó tó dé ìdajì rẹ̀, àdá ti jáde. Èèyàn méjì kú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù ba ọba Ìdógbà. Ó pe àwọn ìjòyè jọ, ó ní ogun tí àwọn rò pé ó ti parí tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àfi kí àwọn wá bí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò yóò ṣe padà wálé.

Ẹfúndọlá wà níjòókòó lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́," ló wí. "Ohun tí wọ́n pàdánù ni kò jẹ́ kí wọ́n wálé. Màá dá a padà fún wọn."

Kò fi ṣeré. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó ti ṣán igbó Ìsàlẹ̀-Odò. Ó kọ́ ogójì ilé, ó fi koríko tuntun bò wọ́n, ó gbẹ́ kànga mẹ́ta, ó sì mọ ebu ńlá kan sí ẹ̀bá odò. Ó wá fi aṣọ, ewúrẹ́ àti èbù iṣu lé àwọn alárù lórí, ó ní kí Òjélabí olórí alárù kó wọn lọ sí Ìdí-Àràbà, kí ó sọ fún wọn pé ilé ń dúró dè wọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún ni Òjélabí padà dé. Gbogbo ẹrù ló gbé padà.

"Ṣé wọ́n lù yín ni?" Ẹfúndọlá bi í.

"Rárá o, Ìyá. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún wa ní oúnjẹ, wọ́n fún wa ní ibi tí a sùn. Wọ́n ní kí á kí yín púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí á máa kó ẹrù wa lọ."

Ẹfúndọlá fi kún un, ó tún rán wọn lọ. Ẹrù tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi agbo màlúù kan lé e, ó sì fi aṣọ òfì tí ó hun fún ìjòyè nìkan sí i. Òjélabí tún da màlúù náà padà, kò sí ọ̀kan tó dín níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú iṣẹ́ kan wá látẹnu ìyá àgbà tó ń ṣe olórí wọn. Ó ní, "Ìyá náà ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé fún ni, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ jó."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹfúndọlá. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń kọ nǹkan rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹrù kò bá lè bá wọn sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi yóò lọ."

Ọ̀sán gangan ló wọ Ìdí-Àràbà. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n, ó rí èéfín ebu, ó rí àwọn ọmọ tí wọn kò mọ Ìdógbà rí. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin kan tí ó ga, tí amọ̀ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, jókòó tì í. Wọ́n gbé omi fún Ẹfúndọlá, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti ẹja yíyan fún un. Nígbà tó jẹun tán ni ìyá àgbà tó ní kí ó sọ̀rọ̀.

Ẹfúndọlá mọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ nípa ogójì ilé náà, ó sọ nípa kànga. Ó rí i pé ojú wọn kò yí padà, ó sì rò pé bóyá wọ́n rí òun bí ọlọ́rọ̀ tí kò mọ ìyà. Ló bá sọ ti ara rẹ̀ fún wọn.

"Ìyá, ẹ má wo aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Èmi náà jẹ nínú ìyà ọdún náà. Àbúrò mi ọkùnrin, Adéòtí, ọwọ́ mi ló kú sí nígbà tí oúnjẹ tán. Ọbẹ̀ tó tẹ́ ni ìyá mi ń fún un lá. Àpò iyọ̀ mẹ́ta ni bàbá mi fún mi, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òfo ni mo fi dìde bíi tiyín."

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ gbójú sókè. "Iyọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìgbà wo ló fún ọ?"

"Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìsàlẹ̀-Odò jó gan-an ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin sí i."

"Oṣù mẹ́jọ ni bodè fi wà ní títì," ni ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́. "Àwa tí a wà lẹ́bàá odò gan-an, a kò rí iyọ̀ tó tó bọ́ sí ojú. Níbo ni àpò mẹ́ta gbà wọlé, ọmọ mi?"

"Bàbá mi ní òun ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kí ogun tó dé."

"Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ nígbà náà?"

"Oníbodè ni."

"Bodè wo?"

Ohùn Ẹfúndọlá lọ sílẹ̀. "Bodè Odò."

Àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ti dúró. Ẹfúndọlá gbìyànjú láti di ohun tó ń já bọ́ náà mú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Ayọ̀ká ló ṣí bodè. Ó fẹ́ lọ wa amọ̀."

"Ọmọ mi ni Ayọ̀ká," ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọbìnrin tó jókòó tì í. "Ọjọ́ kẹta tó bí èyí ni ogun wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Abógundé. Abiyamọ ọjọ́ mẹ́ta, tí kò lè dá dìde lórí ẹní, òun ni ẹ̀yin sọ pé ó lọ wa amọ̀. Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ẹní rẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹsàn-án lójú ọ̀nà ló kú. Èmi ni mo pọn ọmọ náà dé ibi tí a dé."

Abógundé kò wo Ẹfúndọlá. Ó ń yọ amọ̀ gbígbẹ kúrò ní ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Máa lọ sílé, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. "N kò bá ọ jà. Lọ bi bàbá rẹ."

Ìrìn ọjọ́ méjì ni Ẹfúndọlá rìn padà. Adéòtí ló ń rò. Bí iyọ̀ bá ti wà nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló dé tí ìyá òun fi ń se ọbẹ̀ àtẹ́ fún ọmọ tó ń kú lọ? Ó yí ọ̀rọ̀ náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí ibi tó lè gbé e gbà kí ó má dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa rí odi Ìdógbà lókèèrè, ó ti mọ ohun tí yóò gbọ́.

Àgbàlá ni Ògúndìran jókòó sí, tó ń yá oòrùn. Ẹfúndọlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí iyọ̀ náà?"

Arúgbó náà kò bi í pé iyọ̀ wo.

"Àbúrò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni," ló wí. "Ìwọ náà ti ń wú lẹ́sẹ̀. Balógun tó wà nígbà náà ló bá mi sọ ọ́. Ó ní àwọn ọ̀tá ti ránṣẹ́, pé bí a bá ṣí apá odò fún wọn, wọn kò ní fọwọ́ kan Òkè-Ọjà. Ó ní bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la máa kú. Iyọ̀ ni wọ́n fi kún un. Mo gbà á. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ àti ìkòkò ni wọ́n máa kó."

"Ẹ̀yin lẹ tún sọ pé Ayọ̀ká ni?"

"Balógun ló sọ ọ́. Èmi kò kàn sọ pé irọ́ ni."

Ẹfúndọlá fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún. Ó sunkún fún Adéòtí, ó sunkún fún ara rẹ̀, nítorí kò sí aṣọ kan nínú ilé náà, kò sí màlúù kan, tí kò hù láti inú àpò mẹ́ta náà. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú rẹ̀. "Màá sọ ọ́ ní ààfin, Bàbá."

"Ṣé o fẹ́ fi orúkọ mi wọ́lẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi ni?"

"Orúkọ Ayọ̀ká ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ níwájú ọba àti gbogbo ìjòyè, kò fi ọ̀kan bò. Nígbà tó parí, Ọ̀dọ̀fin tó jẹ́ àgbà ìjòyè mi orí. Ó ní, "Ẹfúndọlá, Balógun ti kú, bàbá rẹ ti darúgbó. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe láǹfààní? Bí o bá sọ ọ́ síta, wọ́n á ní ẹrú lo fi là. Ẹnikẹ́ni kò ní ra aṣọ rẹ mọ́. Fi kún ẹrù tí o fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí agbo kan kò bá tó, fi méjì. Èèyàn kì í kọ nǹkan títí láé."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ẹrù ránṣẹ́," ni Ẹfúndọlá dáhùn. "Bí mo bá kó gbogbo ọjà Àgbède lọ bá wọn, wọ́n á ní kí n kó o padà. Kì í ṣe ilé ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣí bodè. Àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn wọn ti kú tàbí wọ́n ti darúgbó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa, oko wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àwọn méjì tó kú ní Àgbède, kò sí èyí tó tíì dáyé nínú wọn lọ́dún tí ogun jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n má ra aṣọ mi. Mo mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀."

Ọba sọ pé òótọ́ ni Ẹfúndọlá sọ, àti pé kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ni ín kí wọ́n tó sọ ọ́ lọ́jà. Ó fún un ní ìránṣẹ́ ààfin méjì.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbéra, Ògúndìran jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ ìrìn. Ẹfúndọlá ní, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" Arúgbó náà ní, "Ẹnu mi ni mo fi dúnàádúrà. Ẹnu mi náà ni màá fi sọ ọ́. Ẹ bá mi wá ẹṣin tí kì í sáré."

Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Àràbà, gbogbo ibẹ̀ ló péjọ. Ògúndìran sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n júwe ibi tí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wà fún òun, ó sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ pátápátá. Lórí ilẹ̀ náà ló ti sọ ọ́. Ó sọ orúkọ Balógun, ó sọ ti ara rẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe yọ ọ̀pá ìdábùú kúrò lára ilẹ̀kùn, tí ó sì lọ dúró sí ẹ̀yìn ògiri títí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ayọ̀ká kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sáré síwájú, ọ̀kan sì ti gbé ọmọ odó. Abógundé ló dìde dúró láàárín wọn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì gbọ́ kí ará Òkè-Ọjà kan pe orúkọ ìyá mi báyìí."

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bi í pé, "Àpò iyọ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, Ìyá."

"Gbogbo wa?"

"Gbogbo yín."

Ìyá àgbà náà wo àwọn èèyàn rẹ̀ yíká. Ẹfúndọlá kò lè gba ojú náà mọ́ra. Òun náà wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. "Ìyá, ẹ gba gbogbo ohun tí mo ní," ló wí. "Ilé mi, aṣọ mi, gbogbo màlúù. Ẹ sọ iye tó máa mú yín padà wálé, màá san án. Bí kò bá tó, màá ṣiṣẹ́ kún un títí màá fi kú."

"Dìde, ọmọ mi," ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀. "Ará ilé yín ni wá, ẹ sì tà wá lọ́pọ̀. Ní báyìí, ẹ fẹ́ rà wá lọ́wọ̀n-ọ́n. A ò sí lọ́jà mọ́. Ayọ̀ká kò sí níbi tí owó rẹ lè dé. Kó màlúù rẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí bàbá rẹ gbé wá lónìí, ẹ kò tà á fún wa, ẹ fún wa ni. Lórí ìyẹn, a lè jókòó sọ̀rọ̀."

Wọ́n sì jókòó. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ohùn sì ń ga nígbà mìíràn. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ní àwọn fẹ́ kí ọba fi ẹnu ara rẹ̀ wẹ orúkọ Ayọ̀ká mọ́ ní gbangba ọjà, kí oko àwọn padà sọ́wọ́ àwọn, kí ìjòyè kan láti ọ̀dọ̀ àwọn máa jókòó ní ààfin, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò ni yóò máa ṣọ́ Bodè Odò títí láé. Àwọn ìránṣẹ́ ààfin gbé e lọ, ọba sì gbà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó dúró láàárín ọjà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà bí Ògúndìran ṣe sọ ọ́. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan bínú sí Ẹfúndọlá, wọ́n sì dẹ́kun àtiwá sí ìsọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún kan. Kò pa á. Ó yí òwò rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Òun náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń fúnni. Kò tún dá pinnu ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ mọ́. Ó kó ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, ìdajì láti Òkè-Ọjà, ìdajì láti Ìdí-Àràbà, Abógundé sì ni olórí wọn. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tó ṣì wà lóko ẹrú káàkiri. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi oúnjẹ ran àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ọjà tó dá oko padà lọ́wọ́, títí ilẹ̀ mìíràn yóò fi so fún wọn. Ẹfúndọlá fúnra rẹ̀ kì bá tí ronú kan ìyẹn láé, àmọ́ ìyẹn ló jẹ́ kí ìdápadà ilẹ̀ náà lọ láìsí ìjà.

Abógundé àti àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ padà wá sí Ìdógbà. Èéfín ebu tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn ọmọ ìhà méjèèjì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Ní ọdún kejì, Ògúndìran kú. Kò sí ará Ìsàlẹ̀-Odò kan tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó retí wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, Abógundé fi ìkòkò tuntun kan ránṣẹ́ sí Ẹfúndọlá, kò sì rán ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Ẹfúndọlá gbé e sínú yàrá rẹ̀, omi inú rẹ̀ ló sì ń mu títí ó fi kú.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ kò padà. Ó ní òun kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbé ọmọ òun jáde lórí ẹní. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà dúró tì í. Nínú ogójì ilé tí Ẹfúndọlá kọ́, mẹ́tàdínlógún kò rí ẹni gbé inú wọn. Ọba fẹ́ fi wọ́n fún àwọn àlejò, Ẹfúndọlá ní rárá. Ó ní kí wọ́n máa bò wọ́n ní koríko lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lófo, kí ẹni tó bá ń gba Bodè Odò wọlé lè rí wọn.

Bí àlejò bá kọjá níbẹ̀, tó bèèrè pé irú ìlú wo ni yìí tí ilé rere ń ṣófo, àwọn àgbà Ìdógbà a fún un ní àga, wọ́n a sì sọ ìtàn yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Ìdí-Àràbà ti gba ẹnu wọn tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, tó fi di òwe tí a ń pa títí di òní: bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.